Ṣé èèyàn lè jókòó sí Kàbà kó máa kọ orin fíìmù, àbí àfi Èkó?

DùùrùKàbà

Òkun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ọmọ Owé ni mí, Kàbà ni mo ń gbé. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe orin sí fíìmù kéékèèké tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń yà. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ọ̀gá kan rí tó fi wá mi kàn. Ó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n alápá mẹ́tàlá, ìtàn obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ wáṣẹ́ lọ sí Èkó tí kò padà wálé mọ́. Ó ní kí n ṣe gbogbo orin inú rẹ̀: ti ìbẹ̀rẹ̀, ti ìparí, àti èyí tó ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀. ₦250,000 ló fẹ́ san, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ó fi ìwé ojú kan ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé gbogbo orin náà di ti ilé-iṣẹ́ wọn títí ayé, ní gbogbo ọ̀nà. Ìkejì, mo ti ṣe apá kìíní fún un, n kò sùn fún òru mẹ́rin. Èsì tó fún mi ni pé orin mi ń bo àwọn òṣèré òun lẹ́nu, àti pé nígbà tí orin ìparí wọlé, àwọn tí wọ́n jọ ń wò ó bú sẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún. Ìyẹn dùn mí gan-an. Ìkẹta, mọ̀mọ́ mi ní iṣẹ́ yìí, Èkó ló wà, kí n lọ bá àbúrò wọn ní Agége. Ṣé kí n lọ ni?

Ẹ̀gbọ́nÌsánlú

Àbúrò, òkun o. Má fọwọ́ sí ìwé kankan lálẹ́ òní. A máa dé orí ìyẹn.

Ọmọ Yàgbà ni mí, orin fíìmù ni mo fi ń jẹun ní Èkó láti ọdún mẹ́rìnlá. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọ̀gá yẹn sọ, torí òótọ́ ló sọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ọ́ fún ọmọ kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà, o ń tẹ̀ ẹ́ lábẹ́. Bí wọ́n bá ń kéde, o ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ sinmi, wọ́n á ní o ti sùn. Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Wo apá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Tún un wò, kí o mú bírò, kí o kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí orin máa wọlé àti ìgbà tó máa jáde. Iṣẹ́ yìí ni à ń pè ní spotting, ìwọ àti olùdarí eré ló sì yẹ kí ẹ jọ jókòó ṣe é. Níbi kọ̀ọ̀kan, bi í léèrè pé: kí ni orin mọ̀ níbí tí ojú òṣèré kò tíì sọ? Bí kò bá sí nǹkan kan, má fi orin síbẹ̀. Nínú eré ogójì ìṣẹ́jú, mo ti ṣe èyí tí orin inú rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú méjìlá, òun sì ni àwọn èèyàn ń yìn mí fún jù.

Ohun kejì, irinṣẹ́ wo lo fi sábẹ́ ọ̀rọ̀?

DùùrùKàbà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Fèrè àti gángan ni mo fi sábẹ́ ibi tí ìyàwó àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń jà. Mo fẹ́ kó dún bí ilé wa.

Ẹ̀gbọ́nÌsánlú

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò ó sí. Gba èyí lọ́wọ́ mi, torí kò sí nínú ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ nípa iṣẹ́ yìí: etí Yorùbá kì í gbọ́ gángan bí orin lásán. Bí gángan bá ti ń lọ sókè sódò, a ó máa wá ohun tó ń wí. Ìyá ọkọ ń sọ̀rọ̀, gángan náà ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń wo eré ń gbọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní gbọ́ ẹnì kankan já. Òyìnbó lè fi gángan sábẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó kó má dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní tiwa, ó ń díni lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, jẹ́ kí orin dúró lójú kan. Ohùn ìsàlẹ̀ gbọọrọ, tàbí ohùn òkè tó tín-ín-rín, kí àárín ṣófo, torí àárín ni ohùn èèyàn ń gbé. Bí òṣèré bá mí, tó dákẹ́, ìgbà yẹn ni gángan lè sọ tirẹ̀. Jẹ́ kó fèsì bí onílù ṣe ń fèsì fún oníjó, kó má bá wọn du ọ̀rọ̀.

Ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, kíá: tẹlifíṣọ̀n tiwa ń lo àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sinimá ń lo 24. Bèèrè èyí tí wọ́n fi yà á kí o tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀kùn á ti gbá kí ìlù rẹ tó dún. Fi 48 kHz, ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ohùn fíìmù, gbà á sílẹ̀, kì í ṣe 44.1 ti síídì. Kí o sì fi ìlù, irinṣẹ́ olókùn àti ohùn èèyàn ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni tó ń po ohùn pọ̀ lè dín ọ̀kan kù láìpa gbogbo rẹ̀.

ÌyáKúáyàẸ̀gbẹ́

Ọmọ mi, òkun. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, mo ti kọ́ kúáyà ní sol-fa fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀rín tí wọ́n rín yẹn ló mú mi dá sí i. Orin ìparí yẹn ní ọ̀rọ̀ nínú, àbí? Kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí, kí o kọ sol-fa rẹ̀ sábẹ́.

DùùrùKàbà

Ẹ kú ilé mà. Ìlà àkọ́kọ́ nìyí: «Ọkọ mi, padà wá.» Sol-fa rẹ̀: dò mí re, mí re dò.

ÌyáKúáyàẸ̀gbẹ́

Mo ti rò bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ sókè fúnra rẹ, kí o sì gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ ń wí. «Ọkọ» kò gòkè, kò sì sọ̀ kalẹ̀, re re ni. Nígbà tí o gbé e láti dò lọ sí mí, o ti sọ ọ́ di ọkọ́ tí a fi ń roko. Obìnrin náà ń sunkún pé kí ọkọ́ òun padà wá láti oko. Bí o bá tún já a wálẹ̀ lópin, ọkọ̀ ló dà, ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Má bá àwọn tó rẹ́rìn-ín jà o. Etí wọn kò tàn wọ́n.

Wàhálà yìí ti pẹ́. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì mú orin ìyìn wá, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n kó lé ohùn orin òyìnbó lórí, ohùn ọ̀rọ̀ ń lọ sókè, ti orin ń lọ sódò. Irú rẹ̀ la dàgbà sí nínú ìjọ káàkiri Yàgbà, ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í gbọ́ àṣìṣe rẹ̀ mọ́. T. K. E. Phillips, atẹdùùrù ìjọ tí a bí ní 1884, fi ayé rẹ̀ jà fún pé kí orin ìjọ máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Fíìmù kò ní ìforíjì tí ìjọ ní. Nínú ìjọ, a mọ ọ̀rọ̀ náà sórí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń wo eré rẹ, ìgbà àkọ́kọ́ tó ń gbọ́ ọ nìyẹn.

Wá wò ó. Ọkọ mi padà wá: re, re, re, re, dò, mí. Ohùn mẹ́rin dúró lójú kan, ìkarùn-ún jábọ́, ìkẹfà dìde. Ọ̀rọ̀ ti kọ orin rẹ fún ọ tán. Ẹni tó ti ń dúró ni ohùn yẹn jọ, ó dúró, ó dúró, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbójú sókè. O kò nílò ju kí o tẹ̀ lé e. Bí o bá fẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ láàárín ohùn kan, má gbé e kúrò nípò.

DùùrùKàbà

Mà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ báyìí. Mọ̀mọ́ mi wà ní kíṣìnnì, wọ́n dáwọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe dúró. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Agbẹjọ́ròLọ́kọ́ja

Mo kí yín o. Ọmọ Ìyàrà ni mí, iṣẹ́ òfin ni mo ń ṣe ní Lọ́kọ́ja. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé yẹn.

Òfin copyright, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà, tí a ń lò báyìí ni ti 2022, oṣù kẹta ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ akọrin kò mọ̀ ni èyí: bí ẹnì kan bá tilẹ̀ gbé iṣẹ́ fún ọ, tó sanwó rẹ̀, ìwọ tó kọ orin náà lo ṣì ni ín, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Owó tó san kò sọ orin di tirẹ̀. Ìwé tí o fọwọ́ sí ló ń sọ ọ́ di tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé ojú kan yẹn fi yá kánkán bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí ń bá ẹni tó kọ orin títí ayé rẹ̀, ó sì tún ń lọ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí o fẹ́ ta ní ₦250,000 yìí, àwọn ọmọ ọmọ rẹ lè máa jẹ níbẹ̀.

Mi ò sọ pé kí o kọ iṣẹ́ náà. Béèrè pé kí wọ́n yí ìwé náà padà: o gbà wọ́n láyè láti lo orin yìí nínú eré yìí, ní gbogbo tẹlifíṣọ̀n àti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní gbogbo ayé, láìlópin. Ṣùgbọ́n orin náà ṣì jẹ́ tìrẹ, owó ẹ̀tọ́ tó bá ń wọlé bí wọ́n ṣe ń fi eré náà hàn sì jẹ́ tìrẹ. Forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN (Musical Copyright Society Nigeria), àwọn ló ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn akọrin nílẹ̀ yìí. Sì jẹ́ kí wọ́n kọ cue sheet fún apá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwé tó ń sọ orin wo ló dún, fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó, ta ló kọ ọ́. Bí kò bá sí cue sheet, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n jẹ lówó.

AyafíìmùLọ́kọ́ja

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń náwó sórí eré náà sọ̀rọ̀. Ẹ má kọ́ ọmọ yìí ní agídí. Fíìmù ni mo ń yà. Bí mo bá gbé eré lọ síwájú ẹni tó fẹ́ rà á, ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè ni ìwé pé gbogbo ohun inú rẹ̀, orin, ìtàn, àwòrán, mo ní àṣẹ lórí rẹ̀. Mo ti pàdánù ẹni tó fẹ́ ra eré mi rí, torí akọrin kan jáde lẹ́yìn ọdún kan pé òun kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Iṣẹ́ ọdún méjì jókòó sílé. Bí àwa náà ṣe ń gba gbogbo rẹ̀ títí ayé, ẹ̀rù ló fà á, kì í ṣe olè.

Agbẹjọ́ròLọ́kọ́ja

Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n, mo sì kẹ́dùn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Ṣùgbọ́n ohun tó bà yín nínú jẹ́ nígbà yẹn ni pé kò sí ìwé rárá. Ẹni tó fẹ́ ra eré ń wá àṣẹ tó dájú, tó wà lákọsílẹ̀, tí kò lópin. Ìwé ìyọ̀ǹda tí mo sọ yẹn fún un ní gbogbo ìyẹn. Owó tí MCSN ń gbà, lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé eré sáfẹ́fẹ́ ló ti ń wá, kò jáde láti àpò yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ pátápátá, ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n kí iye rẹ̀ jọ iye ohun tí ẹ rà.

AyafíìmùLọ́kọ́ja

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mo gbà. Ẹ fi àpẹẹrẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà, ẹ jọ̀ọ́.

DùùrùKàbà

Mo tún fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Nítorí kí orin náà lè jọ ilé, mo ní lọ́kàn láti lọ gba ohùn òfì sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń hunṣọ ní Bùnú, ohùn ọ̀pá àti igi tó ń gbá ara wọn, àti orin tí wọ́n máa ń kọ bí wọ́n ṣe ń hun ún. Mo fẹ́ fi ìró òfì ṣe ìlù gbogbo eré náà.

ỌmọAlásọBùnú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ó wá kàn mí wàyí. Ìyá mi hunṣọ, ìyá tó bí wọn náà hunṣọ. Inú mi dùn sí èrò rẹ, àbúrò. Ìró òfì dára ju ohun tí kọ̀ǹpútà lè fún ọ lọ, a máa ń bá a sùn, a máa ń bá a jí. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn ńkọ́?

Má kàn na fóònù sí wọn lẹ́nu. Lọ kí wọn, jókòó, sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe, jẹ́ kí wọ́n yan orin tí wọ́n fẹ́ kọ fún ọ. Orin wà tí wọ́n ń kọ sí òfì lásán, orin wà tí kì í jáde láìsí ìdí. A ní aṣọ pupa, aṣọ ìpò, tí òkú àgbà ń gbà lọ́wọ́ wa. Ohun tó rọ̀ mọ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ lábẹ́ eré ìfẹ́. Bí wọ́n bá sọ pé èyí kò ṣe é gbà sílẹ̀, má gbà á. Sì fún wọn lówó, kí o sì kọ orúkọ wọn sí ìparí eré bí wọ́n bá fẹ́.

Ẹ̀gbọ́nÌsánlú

Ẹ kú ọ̀rọ̀, àǹtí. Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí Ludwig Göransson, ọmọ Sweden tó kọ orin fíìmù Black Panther ní 2018. Kò jókòó sí Amẹ́ríkà kó ra ohùn ìlù Áfíríkà sínú kọ̀ǹpútà. Ó lọ sí Senegal, ó tẹ̀ lé Baaba Maal, olórin ibẹ̀, káàkiri bó ṣe ń ṣeré, ibẹ̀ ló ti rí Massamba Diop tó ń lu tama, ìlù tó jọ gángan tiwa. Ìlù yẹn ló wá di ohùn ọba nínú eré náà, Göransson sì gba Oscar nítorí rẹ̀ ní 2019. Ẹni tó ti òkè òkun wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Láti Kàbà sí Bùnú, mọ́tò lásán ni.

Ó kù ìbéèrè kẹta. Mọ̀mọ́ rẹ kò purọ́ pé Èkó ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Èmi náà, okùn ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ ń gbé ní sítúdíò tí wọ́n ti ń po ohùn fíìmù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ọ̀gá kan kọ orin tí orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Hans Zimmer gan-an, ọmọ Jámánì tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí orin fíìmù, abẹ́ Stanley Myers tí òun náà ń kọ orin fíìmù ló ti kọ́ṣẹ́ ní London. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni bí orin mi ṣe ń kú nígbà tí ohùn mọ́tò, òjò àti ọ̀rọ̀ bá dé bá a. O kò lè kọ́ ìyẹn nínú yàrá.

Ṣùgbọ́n ronú lórí Ennio Morricone, ọmọ Ítálì. Orin fíìmù tó kọ lé ní irinwó, ilé rẹ̀ ní Rome ló ti kọ wọ́n. Kò kó lọ sí Hollywood, kò tilẹ̀ gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa. Oscar tó fi fíìmù kan gbà, ẹni ọdún 87 ni nígbà tó gbà á ní 2016. Àwọn fíìmù ló ń wá a wá sí Rome.

AyafíìmùLọ́kọ́ja

Rome ní sítúdíò, ó ní ẹgbẹ́ olórin ńlá, iná wọn kì í lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ọmọ náà.

Ẹ̀gbọ́nÌsánlú

Òótọ́ ni, mo gbà fún yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ pé kó jókòó sílé títí. Àbúrò, bí apá kìíní bá ti fẹ́ wọ ibi tí wọ́n ti ń po ohùn, sọ fún ọ̀gá rẹ pé o fẹ́ wà níbẹ̀. Wá sùn lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Jókòó sẹ́yìn, má sọ̀rọ̀, máa gbọ́. Lẹ́yìn náà, padà sí Kàbà, kí o máa fi orin ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó owó díẹ̀ jọ fún sólà kí o tó ra kíbọ́ọ̀dù mìíràn. Jẹnẹrétọ̀ máa ń wọ inú máìkì, etí tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní yé gbọ́ ọ.

DùùrùKàbà

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé ó tó ọjọ́ mọ́kànlá kí n tó padà wá.

Mo bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kò fẹ́ gbọ́. Mo fi ìwé tí agbẹjọ́rò bá mi kọ ránṣẹ́, ó ní òun á fi han ẹni tó ń bá òun ra eré. Ọjọ́ kẹta ló pè mí pé kò sí wàhálà. Owó náà kò kúrò ní ₦250,000, ṣùgbọ́n orin di tèmi, cue sheet sì wà nínú àdéhùn. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kí n tó fi apá kìíní sílẹ̀.

Mo yọ orin kúrò nínú ìjà ìyàwó àti ìyá ọkọ pátá. Ìró ìgbálẹ̀ ọmọdébìnrin kan níta ló ṣẹ́kù níbẹ̀. Mo wò ó, ẹ̀rù bà mí fúnra mi.

Mo lọ sí Bùnú lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mẹ́ta ló gbà. Wọ́n kọ orin méjì fún mi, wọ́n ní ìkẹta kì í ṣe ti òde, mo sì pa máìkì kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ wọn. Ìró òfì náà kò tíì dára tó torí tírélà sìmẹ́ǹtì ń kọjá lójú títì ní gbogbo ọ̀sán. Wọ́n ní kí n padà wá lálẹ́ ọ̀la, àwọn máa tan àtùpà hun díẹ̀ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti yọ owó mọ́tò Èkó sọ́tọ̀.

ÌyáKúáyàẸ̀gbẹ́

O ṣeun, ọmọ mi. Àwọn ẹsẹ orin ìparí tó kù ńkọ́? Kọ sol-fa wọn síbí kí ẹnikẹ́ni tó kọ wọ́n sínú máìkì.